Omi Tí Mo Bù Sídìí Ewé Ìyá Rafíù

Bí mo bá sọ pé ìlú òkèèrè ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, àwọn èèyàn á máa retí kí n sọ̀rọ̀ òtútù àti ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí èyíkéyìí nínú ìtàn tèmi. Kétu ni wọ́n ti bí mi, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Ìbàdàn sì ni ìlú òkèèrè mi. "Tíṣà Kútọnú" ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò wa ní Bódìjà láti ọjọ́ tí mo ti dé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi sùúrù ṣàlàyé pé Kétu kì í ṣe Kútọnú, pé ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré, àti pé Yorùbá ni wá bíi tiwọn. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, Tíṣà Kútọnú."

Èdè Faransé ni mo wá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ohun tó kọ́kọ́ bá mi lójijì ni pé Yorùbá àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń sá mọ́ mi lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ó jìnnà sí tiwa. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi há a láàárín, n kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì parí rẹ̀, níbi tí wọ́n bá sì ti parí rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín máa ń wà. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí tiwọn bá ti fẹ́ tán. Ní kíláàsì, ọmọbìnrin kan dìde, ó bi mí pé, "Mà, ta la fẹ́ máa bá sọ Faransé ní Ìbàdàn?" Mo ní kó máa bá èmi sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan, Mà?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé, ó sì bá mi jẹun alẹ́.

Ohun ẹlẹ́mìí kan ṣoṣo tí mo mú wá láti ilé ni ewéko kan. Àgáfù ni àwọn Faransé ń pè é, orúkọ yẹn náà ni bàbá mi sì ń pè é. Ẹni tí kò bá rí i rí, kó ronú ọ̀pẹ̀ òyìnbó ńlá tí kò ní èso. Ewé rẹ̀ nípọn, ó gùn, àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé tí wọ́n fi eérú pa lára, ẹ̀gún sì wà ní ṣóńṣó ewé kọ̀ọ̀kan bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀bá odi ilé wa ní Kétu ló wà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bomi rin ín rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò nílé, bàbá mi fi ọ̀bẹ yọ ọmọ kan nídìí rẹ̀, èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó fi ìwé àpò sìmẹ́ńtì wé e fún mi.

Yàrá méjì ni mo gbà lẹ́yìn ilé Ìyá Rafíù. Ọmọ bíbí Ìbàdàn ni Ìyá Rafíù, láti ìdílé Mùsùlùmí tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ilé náà kó tó di olóògbé, Rafíù ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti fìdí kalẹ̀ sí Àbújá. Ó fi bí ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í lọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í há.

Inú ìkòkò ni mo gbin àgáfù mi sí, nítorí mo rò pé n kò ní pẹ́ padà sílé, mo sì fẹ́ lè gbé e dání. Díẹ̀ ló kù kí n pa á. Mo ń bomi rin ín láràárọ̀ bí ẹni ń tọ́jú tẹ̀tẹ̀, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ìdí rẹ̀ sì rọ̀. Mo tú u jáde, mo dá ihò púpọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, mo da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ díẹ̀, mo sì gbé e sínú oòrùn gangan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo ń fún un lómi lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà òjò, mo ń gbé e sábẹ́ òrùlé, n kì í fún un ní nǹkankan. Ó yè. Lọ́dún kẹta ó bí ọmọ méjì. N kò rò pé mo ṣe ohun mìíràn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún yẹn.

Mo yọ ọ̀kan nínú ọmọ náà, mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, bó ṣe yẹ, mo sì fún Ìyá Rafíù.

"Ajílẹ̀ wo ló ń jẹ?" ó bi mí.

"Kì í jẹ ajílẹ̀."

"Omi ńkọ́?"

"Ẹ fi sílẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ ti pọ̀ jù fún un."

Ó wo ewéko náà títí. "Kò jẹ, kò mu. Tíṣà, ewé yìí mọ ààwẹ̀ gbà jù mí lọ."

Ó fi ṣíbí ìdáná gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tí òkúta sì pọ̀, ó tì í bọ ibẹ̀, ó gbàgbé rẹ̀. Àgáfù sì dàgbà. Ilẹ̀ yàtọ̀ sí ìkòkò. Bí gbòǹgbò bá ti rí ibi nà sí, kò sí ohun tó ń dá a dúró. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ga dé ìbàdí mi, ó sì fẹ̀ bí ẹní. Kí ẹ̀gún rẹ̀ má baà gún àwọn tó ń wọlé, Ìyá Rafíù ń fi èèpo ẹyin dé ṣóńṣó ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí oòrùn bá ràn sí i, ẹ rò pé ó tanná ni. Àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe àmì: "Ilé Ìyá Rafíù, elẹ́wé ẹlẹ́yin." Èrò wá láti Moniya, wọ́n ń bi í pé níbo ló ti rí i. Á ní, "Ọwọ́ Tíṣà ni," ṣùgbọ́n ojú ewé ni wọ́n á máa wò, wọn kò ní béèrè Tíṣà. Nígbà kan, mo mú àlejò kan lọ sẹ́yìn pé kó wá wo ìyá rẹ̀ nínú ìkòkò. Obìnrin náà ní ìwà. Ó ní, "Òun náà ń gbìyànjú."

Mo jowú. Ó yẹ kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni èmi àti ewé yẹn gbà wọ ìlú. Òun ti di ọmọ Ìbàdàn, ẹnikẹ́ni kò pè é ní Kútọnú. Bí mo bá ń wọlé, n kì í fẹ́ wo apá ibẹ̀, síbẹ̀ mo mọ iye ewé tó wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, àbúrò mi ọkùnrin ń pè mí láti Kétu ní ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ kan ó ní àgáfù Bàbá ti tanná. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tanná láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà á kú. Ó ní igi òdòdó náà ga ju òrùlé lọ, gbogbo ìyá náà sì gbẹ tán. Nígbà tí wọ́n sì ń tún odi kọ́, àwọn bíríkìlà hú àwọn ọmọ rẹ̀ dànù.

"Ó kù sọ́wọ́ yín nìkan, Ẹ̀gbọ́n. Tiyín ńkọ́?"

"Ó tóbi gan-an," mo ní.

"Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún wa."

Ìyá Rafíù ti lọ sí Òkè-Àdó lọ́jọ́ náà. Mo jáde síwájú ilé, mo yọ èèpo ẹyin kúrò lórí gbogbo ewé, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́. Kí n tó dá èèpo náà padà, fóònù dún. Ariwo ayọ̀ ló gba inú rẹ̀. Àbúrò mi ní, "Ẹ gbọ́, ewé Bàbá nìyí, Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ di igi ní Ìbàdàn." Ó gbé fóònù fún àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ kí Ìyá Ìbàdàn," ni mo gbọ́ tó ń sọ fún wọn. Ìyá Ìbàdàn ni mí ní Kétu. Mo gbádùn ọ̀rọ̀ náà fún ìwọ̀n ìgbà tí a fi wà lórí fóònù.

Nígbà tí Ìyá Rafíù dé, ó rí èèpo ẹyin nílẹ̀. "Ewúrẹ́ ta ló dé ibí?"

Mo ní n kò rí ewúrẹ́. Òótọ́ ni, n kò rí ewúrẹ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo rò pé yóò ní kí n kó jáde kí òun lè rí ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gbé ibẹ̀. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń di ìwé sínú àpótí. "Níbo lò ń lọ? Ta lo fẹ́ kí n máa bá jiyàn láràárọ̀?" Ó jókòó lé àpótí náà títí mo fi jáwọ́. Ní Kétu, àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà ló wà nínú ilé bàbá wa. Yàrá mi àtijọ́ ni wọ́n ń kó àgbàdo sí. Nítorí náà, kí ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn yàrá méjì yẹn àti inú rere obìnrin yẹn, n kò ní ibòmíràn tí mo lè pè ní ilé.

Rafíù wá san owó Mẹ́kà fún ìyá rẹ̀. Gbogbo ojúlé tó yí wa ká wá bá a yọ̀. Mo bá a di ẹrù. Bí mo ṣe ń ká aṣọ ni mo ń ronú pé obìnrin yìí á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílẹ̀ àjèjì, á sì padà bọ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun. Láti ọjọ́ tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tún pè é ní Ìyá Rafíù lásán, Alhájà ni. Èmi tí mo ti lo ọgbọ̀n ọdún ńkọ́?

Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. "Máa bá mi wo ewé iwájú yẹn."

"Kò fẹ́ nǹkankan," mo ní.

"Ṣáà máa wò ó."

Ìgbà òjò ni. Lọ́jọ́ kejì tó lọ, mo pọn omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo dà á sídìí àgáfù náà. Nírọ̀lẹ́ mo da òmíràn. N kò ṣèèṣì. Mo mọ ohun tí omi ń ṣe sí i ju ẹnikẹ́ni ní Bódìjà lọ. Lópin ọ̀sẹ̀, mo kó ewé gbígbẹ jọ yí ìdí rẹ̀ ká kí omi má baà tètè gbẹ.

Bàbá Ṣadé, akọ̀wé ìjọ Áńgílíkà tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé ilé tó kọjú sí tiwa. Orí àga ìta rẹ̀ ló máa ń wà. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ìyá Rafíù mọ ẹni tó fi ilé sílẹ̀ fún. Ká ní ìyàwó ọmọ ni, kò ní ṣe tó báyìí."

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Ọmọlúàbí la fi ń mọ ará Kútọnú."

"Kétu ni, Bàbá."

"Kétu náà ni mo ń wí."

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fi pọn omi. Láràárọ̀ ni àwọn èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo ti ń wá kí wọ́n rí mi láti ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi rí mi. Ewé ìsàlẹ̀ pọ́n, ó sì wó lulẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀, ó wọlé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo lọ fọ ọwọ́ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Ìyá Rafíù pè mí láti Mẹ́kà. Mo rí ojú rẹ̀ nínú fóònù. Oòrùn ti sọ ọ́ di dúdú, ó sì ti gbẹ díẹ̀.

"Tíṣà, gbogbo èèyàn ló kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n bá wọn tọrọ. Ìwọ nìkan lo ò kọ nǹkankan."

"N kò mọ ohun tí mo fẹ́ kọ."

"Mo ti bá ọ tọrọ. Ṣùgbọ́n má bínú sí mi." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbọ́. "Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o padà sí Kútọnú. Mo mọ̀ pé àdúrà burúkú ni fún ẹni tó ní ilé baba. Àmọ́ tí o bá lọ, ta ló kù fún mi? Bí àbúrò rẹ bá ti pè ọ́ ní ọjọ́ Àìkú, àyà mi máa ń já."

Ohun kan ṣoṣo tí mo rí sọ ni, "Kétu ni, Ìyá Rafíù."

"Ọlọ́run mọ ibẹ̀," ó ní.

Nígbà tó kúrò lórí fóònù, mo mú ṣọ́bìrì. Mo ké sí Bàbá Ṣadé kó wá bá mi gbé e. A hú àgáfù náà jáde pátápátá. Òórùn ìdí rẹ̀ burú. Mo fi àkísà wé ọwọ́, nítorí oje rẹ̀ ń yúnni lára, mo sì fi ọ̀bẹ gé gbogbo ibi tó ti jẹrà kúrò, títí mo fi dé ibi tó funfun tó sì le. Ewé méjìdínlọ́gbọ̀n ló ní tẹ́lẹ̀. Márùn-ún ló kù. Mo gbé e sí ibòji lórí bíríkì fún ọjọ́ mẹ́wàá kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà mo fi òkúta àti yanrìn mọ òkìtì, mo gbé e lé e lórí. Mo fi páànù àtijọ́ ṣe ìbòrí fún un lọ́wọ́ òjò. Tí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, tí omi bá ti bà á jẹ́, ọ̀nà tí ẹ lè gbà ràn án lọ́wọ́ nìyẹn. N kò lè ṣèlérí fún yín pé yóò yè.

Lọ́jọ́ tí a hú u, Bàbá Ṣadé jókòó, ó ń mí hẹlẹ. "Àpọ̀jù ìfẹ́ ni, Tíṣà. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi."

Mo lọ fọ ọ̀bẹ.

Ọjọ́ tí Alhájà dé, àgbàlá kún. Láti inú ọkọ̀ ló ti rí i pé ewé kò sí níbi tó wà, pé nǹkan kékeré kan ló wà lábẹ́ páànù. Ó kí èèyàn, ó pín dàbínù, ó jókòó. Nígbà tó yá, obìnrin ará Onírèké kan bi í pé ewé tó lẹ́wà yẹn dà. Bàbá Ṣadé gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ròyìn bí mo ṣe ń pọn omi láàárọ̀ àti lálẹ́, bí ìfẹ́ ṣe pọ̀ jù, bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́ nínú ikú.

Alhájà wò mí. Ó nawọ́ fà mí jókòó tì í. "Ẹ gbọ́ o," ó sọ fún àwọn àlejò. "Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má pe obìnrin yìí ní ará Kútọnú mọ́. Àbúrò mi ni. Ará Ìbàdàn ni."

Wọ́n ní àmín. Ohun tí mo fẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún ló bọ́ sí mi lọ́wọ́ yìí. Kò ní ná mi ní ohunkóhun ju kí n dákẹ́ lọ.

"Kì í ṣe ìfẹ́," mo ní. "Mo mọ̀ pé omi á pa á. Ìdí tí mo fi pọn ọ́n nìyẹn. Mo ń jowú."

Bàbá Ṣadé rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìgbà tí kò sẹ́ni tó bá a rín, ó dákẹ́.

Alhájà bi mí pé, "O ń jowú ewé?"

"Ẹ̀yin náà, Alhájà. Ewé àti ẹ̀yin."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ lára tèmi jẹ́jẹ́. Ó sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n máa jẹun. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn.

Kò ní kí n kó jáde. Kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Láràárọ̀, mo ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ tó ń lọ sídìí òkìtì. Á bẹ̀rẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ ìdí àgáfù, á bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí kò ti ní rí mi, kí n lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ń kí i ní, "Ẹ kú ìfaradà." Ewé márùn-ún péré ló ní, òun ni wọ́n ń kí láàárọ̀. Mo tún jowú rẹ̀ ju ti ìgbà tó tóbi lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kọjá bẹ́ẹ̀. Lánàá, mo ń fọ àwo lẹ́yìn nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú.

"Tíṣà."

Mo nu ọwọ́, mo lọ. Ó dúró ti òkìtì, kò yíjú sí mi.

"Kí nìyí láàárín rẹ̀? Ẹ̀gún ni àbí ewé?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó dáadáa. "Ewé tuntun ni. Ó dì mọ́ra ni. Á ṣí tó bá yá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó wá gbójú sókè wò mí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn.

"Ìgbà wo ló yẹ ká fún un lómi?"

Mo ronú dáadáa kí n tó dáhùn, nítorí mo mọ ohun tó ń fà lé mi lọ́wọ́. "Ó di ẹ̀ẹ̀rùn," mo ní. "Ife kan péré."

"Ìwọ lo máa bù ú," Alhájà ní. Ó wọlé.